Ìwé ni àbí iṣẹ́ ọwọ́, ilé ni àbí òkè òkun? Ìfiwéra fún ọmọ Èkìtì tó fẹ́ gboyè gíga nínú ọnà òde òní

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti Ìkẹ́rẹ́ gbé ìwé ìgbàwọlé méjì wá bá mi nílé ní Adó. Ọ̀kan wá láti yunifásítì kan nílẹ̀ yìí, èkejì wá láti Ìlú Ọba. Ó tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, èwo ló dáa jù?" Mo bi í pé kí ló fẹ́ wádìí. Ó ní iṣẹ́ ọnà òde òní ni. Mo ní mo ti gbọ́ ìyẹn, kí ni ohun náà gan-an tí kì í jẹ́ kó sùn? Ó dákẹ́. Ó ní òun kò tíì débẹ̀.

Òun nìkan kọ́ ló ń bi mí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ìfiwéra yìí. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ló ń fi orúkọ yunifásítì ṣáájú, kí wọ́n tó máa wá ìbéèrè tó bá orúkọ náà mu. Èmi gbà pé ìbéèrè ló yẹ kó yan ilé-ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀, ẹ ó mọ ibi tó wà, ẹ ó mọ ẹni tó lè mú yín débẹ̀, ẹ ó sì mọ irú oyè tó máa jẹ́ kí ẹ lè fọwọ́ kàn án.

Kíkọ nípa ọnà, àbí fífi ọnà wádìí?

Ibí ni ọ̀nà ti kọ́kọ́ pín, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Ẹni tó ń kọ nípa ọnà, iṣẹ́ ẹlòmíràn ló jókòó tì. Ó ń wo ère, àwòrán, fídíò àti ìpàtẹ, ó ń bá àwọn tó ṣe wọ́n sọ̀rọ̀, ó ń tú ìwé àtijọ́. Ohun tó máa fi lélẹ̀ nígbẹ̀yìn ni ìwé ńlá kan. Ẹni tó ń fi ọnà wádìí, iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń ṣe, inú iṣẹ́ náà ni ìdáhùn ti máa jáde. Òun á ṣe ìpàtẹ, á sì kọ ìwé tó máa kéré sí ti ẹni àkọ́kọ́. Ní Ìlú Ọba, ìwé PhD tó jẹ́ kíkọ nìkan sábà máa ń tó nǹkan bí 80,000 ọ̀rọ̀. Ti ẹni tó fi iṣẹ́ ọwọ́ ṣe é lè jẹ́ nǹkan bí 40,000, ṣùgbọ́n àwọn olùdánwò gbọ́dọ̀ fojú rí iṣẹ́ náà pẹ̀lú.

Ẹ má torí pé ìwé rẹ̀ kéré rò pé ó rọrùn. Àwọn agbẹ́gilére wa ní ìpele mẹ́rin: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, fínfín. Ẹni tó ń fi ọnà wádìí gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ìdí tó fi yí ọwọ́ padà níbí, àti ohun tí igi náà kọ́ ọ tí kò sí nínú ìwé kankan. Mo wà níbi ìdánwò kan tí ayàwòrán tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ gidigidi ti jókòó síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, tí kò rí nǹkan sọ ju pé bó ṣe wá sí òun lọ́kàn nìyẹn. Wọ́n ní kó padà lọ tún un ṣe. Àwòrán rẹ̀ rẹwà, ojú mi kò kúrò lára wọn. Ohun tó wádìí ni kò lè tọ́ka sí.

Ẹni tó bá sì yan ìwé kò fi iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ wo Pèjú Láyíwọlá, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó. Iṣẹ́ irin àti idẹ ló kọ́ ní Yunifásítì Benin, Ìbàdàn ló ti gboyè ọ̀mọ̀wé. Ní 2010 ó ṣe ìpàtẹ ńlá lórí àwọn ohun tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní Benin ní 1897. Ìwé tó kà ló wà nínú ìpàtẹ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ náà ló wà nínú ìwé tó kọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nípa MFA, ìyẹn oyè másítà fún iṣẹ́ ọnà stúdíò. Ní Amẹ́ríkà, MFA ni òpin oyè fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní stúdíò, ó sì lè fi kọ́ni ní yunifásítì títí dé òkè. Nílẹ̀ yìí, PhD ni yunifásítì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gòkè. Mo mọ àwọn tó ti òkèrè gba MFA dé, tí iṣẹ́ wọn ga, tí wọ́n sì tún padà di akẹ́kọ̀ọ́ torí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ padà wá kọ́ni nílé, ẹ ro ìyẹn kí ẹ tó wọkọ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ kọ́ni, tó jẹ́ ibi iṣẹ́, àkókò àti ẹlẹgbẹ́ lẹ ń wá, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ oyè ni ẹ nílò. Harmattan Workshop tí Bruce Onobrakpeya dá sílẹ̀ ní Agbarha-Otor ní 1998 wà níbẹ̀, ibùdó G.A.S. tí Yinka Shonibare kọ́ sí Èkó àti Ìkìṣẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú náà wà.

Níbo ni ohun tí ẹ fẹ́ wò wà?

Ẹ jẹ́ kí n fi Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére ṣe àpẹẹrẹ, torí ọmọ Èkìtì kankan tó bá ń ka ọnà kò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí i sí, Ìsẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́, ó kú ní 1938. Láàárín 1910 sí 1914 ló gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ Ògògà sórí ìtẹ́ lára ilẹ̀kùn náà, ó gbẹ́ òyìnbó ìjọba tí wọ́n gbé wá kí i sí apá kejì. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn yẹn lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní London. British Museum fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á, ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ló gbà dípò rẹ̀. Òpó tó ní ọba lórí ìtẹ́, tí olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ti wà ní Art Institute of Chicago ní Amẹ́ríkà.

Nítorí náà, bí ìbéèrè yín bá jẹ́ pé kí ni mùsíọ́mù sọ iṣẹ́ yìí dà, bí wọ́n ṣe to ó, bí wọ́n ṣe kọ orúkọ sí i lára, irú ìwé tí wọ́n fi gbà á, òkè òkun ni ohun yín wà. Ẹ lọ, kí ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá yín dúró.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Ọlọ́wẹ̀ jẹ́ kò lè parí ìwádìí sí London. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, gba oríkì Ọlọ́wẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀kan lára àwọn ìyàwó rẹ̀ tó ṣì wà láàyè. Oríkì yẹn wà lára ohun pàtàkì tí ayé fi mọ̀ ọ́n lónìí. Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá ro iye ìyá bẹ́ẹ̀ tó ti lọ ní Èkìtì láìsí ẹni tó jókòó tì wọ́n bi wọ́n ní ohun kan.

Ọ̀yẹ́ náà ń bẹ. Láti 1947 sí 1954, àwọn àlùfáà Kátólíìkì kó agbẹ́gilére, ahunṣọ àti oníṣọ̀nà mìíràn jọ síbẹ̀, kí wọ́n máa fi ọwọ́ Yorùbá ṣe iṣẹ́ fún ìjọ. Father Kevin Carroll wà níbẹ̀. Bándélé, ọmọ Arẹ́ògún ará Ọ̀sì, wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Bándélé ni Lamidi Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́, Lamidi yìí ló wá di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ lẹ́yìn náà. Ta ló sọ pé èyí kì í ṣe ọnà òde òní? Ìgbà wo ni òde òní bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, ta ló sì fà á lé wa lọ́wọ́? Ẹni tí irú ìbéèrè yìí bá ń jẹ lọ́kàn kò nílò físà. Ọkọ̀ Ọ̀yẹ́ ló nílò, àti sùúrù láti jókòó pẹ̀lú àgbàlagbà.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é nílé

Ìbàdàn ni mo máa ń tọ́ka sí fún ẹni tó fẹ́ kọ̀wé. Institute of African Studies wọn ti wà láti 1962, onímọ̀ ìtàn, olórin àti onímọ̀ àṣà jọ wà lábẹ́ òrùlé kan, èyí tó dára púpọ̀ fún ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ kò jókòó sójú kan. Inú ọgbà yunifásítì náà ni National Archives wà pẹ̀lú. Fáìlì ìjọba àmúnisìn lórí Èkìtì wà níbẹ̀, ẹ lè rìn láti kíláàsì lọ ka ohun tí àwọn òyìnbó kọ nípa àwọn ọba wa.

Ifẹ̀ sún mọ́ wa ju Ìbàdàn lọ, ẹ lè lọ lówùúrọ̀ kí ẹ dé lálẹ́. Stúdíò wà níbẹ̀, ìtàn ọnà náà wà. Ní 1989 ni àwọn márùn-ún tó jáde níbẹ̀, Moyo Okediji, Kunle Filani, Tola Wewe, Bolaji Campbell àti Tunde Nasiru, dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀, tí wọ́n ní àwọn yóò fi èrò àti àmì Yorùbá ṣe àwòrán tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ ronú lédè Yorùbá kó sì fi ọwọ́ ṣe é, Ifẹ̀ ni mo máa ní kó kọ́kọ́ wò.

Nsukka jìnnà, ẹ kò sì ní máa gbọ́ Yorùbá lójúmọ́. Síbẹ̀, tí ẹ bá jẹ́ oníṣẹ́ ère tí ohun èlò tuntun ń wù, mo rò pé jíjìnnà yẹn lè ṣe yín láǹfààní. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, Uche Okeke sọ ulí tí àwọn obìnrin Ìgbò ń kùn sára àti sára ògiri di èdè fún àwòrán òde òní níbẹ̀. El Anatsui dé láti Ghana ní 1975, ó sì kọ́ni níbẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ìdérí ìgò ọtí ló fi ṣe àwọn iṣẹ́ tí ayé mọ̀ ọ́n mọ́ jù. Rírí bí àwọn ẹlòmíràn ṣe sọ ohun ìdílé wọn di tuntun máa ń là wá lójú sí tiwa.

Zaria ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti dá Zaria Art Society sílẹ̀ ní 1958, yunifásítì ibẹ̀ sì ṣì lágbára nínú iṣẹ́ stúdíò. Ọ̀rọ̀ ààbò ojú ọ̀nà ni kí ẹ bá àwọn ará ilé sọ dáadáa. Fún ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ jẹ́ nípa aṣọ, ìkòkò tàbí ohun tí a ń lò nínú ilé, ẹ̀ka Industrial Design wà ní FUTA, Àkúrẹ́. Ẹni tó bá sì ń wo ọdún ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí eré àti ọnà tó ń rìn, bíi Ẹpa, kó wo ẹ̀ka Tíátà ní FUOYE, Ọ̀yẹ́. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò pọn dandan kó wà ní ẹ̀ka ọnà.

Ìṣòro ilé pọ̀, mi ò ní fi pamọ́. Ní 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní 14 oṣù Kejì, ó parí ní 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ lọ báyẹn. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún irú rẹ̀ nínú ètò yín. Ẹ tètè béèrè transcript, ẹ má dúró di ìgbà tí wọ́n bá ń ti ilẹ̀kùn. Ẹ má sì gbé ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ sọnù, wọn yóò béèrè rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ

Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà kò jọra rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa ń pè wọ́n pọ̀.

Ní Ìlú Ọba, PhD sábà máa ń jẹ́ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, ọjọ́ tí ẹ bá dé ni ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Kò sí kíláàsì púpọ̀ tó máa kọ́ yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀. Àbá ìwádìí tí ẹ fi wọlé gbọ́dọ̀ ti gbó. Ibẹ̀ ni fífi iṣẹ́ ọwọ́ ṣe PhD ti fìdí múlẹ̀ gan-an, ní Slade, Goldsmiths, Royal College of Art àti ibòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, PhD ìtàn ọnà lè gbà tó ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún bíi méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti kíláàsì, ìbéèrè yín lè yí padà lẹ́ẹ̀mẹta kò sì sí wàhálà. Moyo Okediji àti Bolaji Campbell tí mo dárúkọ lókè, Yunifásítì Wisconsin ní Madison ni wọ́n ti gba PhD tiwọn.

Owó wá ńkọ́? Ẹni tí kò lówó lè rò pé ọdún mẹ́ta ló dín owó kù. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ńlá ní Amẹ́ríkà ló máa ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ PhD, tí wọ́n sì ń fún un ní owó oúnjẹ kó lè máa ran olùkọ́ lọ́wọ́. Ní Ìlú Ọba, ẹ gbọ́dọ̀ wá ẹni tó máa san án. Commonwealth Scholarship ń san fún PhD. Chevening, ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ìjọba Ìlú Ọba, kò san fún PhD, másítà ọdún kan ni tirẹ̀, ó sì ń béèrè iṣẹ́ ọdún méjì kí ẹ tó lọ àti ọdún méjì nílé lẹ́yìn tí ẹ bá parí. Ẹni tó bá lọ́kọ tàbí láya kó gbọ́ èyí pẹ̀lú: láti oṣù Kìíní 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ másítà oníkíláàsì kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ lọ sí Ìlú Ọba mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ oyè ìwádìí bíi PhD ṣì lè mú wọn. Mo ti rí ilé tí ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ dàrú.

Nílé ńkọ́? TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fi owó ran ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, ń san fún òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba. Bí ẹ kò bá tíì ríṣẹ́ síbẹ̀, owó ara yín tàbí ti ẹbí ló sábà máa ń jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo Kumasi. Yunifásítì KNUST ní Ghana ni El Anatsui ti kẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ ni Ibrahim Mahama náà ti jáde, ẹni tó ń fi àpò kòkó bo ilé ńláńlá. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ló pa ara wọn pọ̀ di blaxTARLINES, wọ́n sì ti yí bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní ọnà padà pátápátá. Ọmọ ECOWAS kò nílò físà fún 90 ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni kí ẹ gba ìwé ìgbé. Kòkó kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa ní Èkìtì. Mo rò pé ọmọ Èkìtì lè ní ohun púpọ̀ láti sọ níbẹ̀.

Ẹni tó máa bójú tó yín

Mo fi èyí sẹ́yìn torí ó dùn mí. Nígbà tí mo ń ṣe tèmi, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ni mo tẹ̀ lé. Oṣù kẹrin, súpáfáísọ̀ mi gba ìsinmi ọdún kan, ó lọ. Wọ́n fi mí fún ẹlòmíràn tó jẹ́ pé iṣẹ́ amọ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀, èmi sì ń wádìí fọ́tò. Èèyàn dáadáa ni, ó ka gbogbo ohun tí mo kọ. Kò kàn lè sọ fún mi ibi tí mo ti ń ṣìnà. Ọdún méjì ni mo pàdánù, mi ò tíì gbà wọ́n padà.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi owó fọ́ọ̀mù sílẹ̀, ẹ ka ohun tí ẹni náà kọ ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, tàbí kí ẹ lọ wo iṣẹ́ tó pàtẹ. Ẹ wá ẹni tó ti parí lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ bi í pé oṣù mélòó ló ń gbà kí ó tó dá orí ìwé kan padà. Ẹ bi olùkọ́ náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bóyá ó máa wà nílé ní ọdún méjì tó ń bọ̀. Bí ó bá bínú sí ìbéèrè yẹn, ẹ ti rí ìdáhùn. Olùkọ́ tó mọ ọ̀nà ní ilé-ẹ̀kọ́ tí kò lórúkọ sàn ju olùkọ́ tí ẹ kò ní rí ní ilé-ẹ̀kọ́ tí gbogbo ayé mọ̀. Mi ò ní yí ọ̀rọ̀ yìí padà fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ṣe

Ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní òun ti mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ló ti ń kọjá níwájú àwọn géètì onírin tí àwọn olówó ń ṣe sílé wọn, kìnnìún lápá kan, idì lápá kejì, orúkọ bàbá onílé láàárín. Ó ní Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ọba, àwọn jórinjórin ló ń ṣe ilẹ̀kùn fún ọlọ́rọ̀ báyìí, kò sì sí ẹni tó ń pe àwọn jórinjórin ní oníṣẹ́ ọnà. Òun fẹ́ mọ ìdí. Òun kò sì fẹ́ kàn kọ ọ́, òun fẹ́ kọ́ irin jíjó lọ́dọ̀ wọn kí òun fi ṣe ìwádìí náà.

Nígbà tó sọ báyẹn, ìwé méjèèjì yanjú ara wọn lórí tábìlì. Àwọn jórinjórin wà ní Ìkẹ́rẹ́. Stúdíò tó ní ibi irin, àti olùkọ́ ère tó ti bá oníṣẹ́ ìgboro ṣiṣẹ́ rí, wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ti ibí. Ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀ wà ní London, ó sì nílò láti fojú rí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ọdún àkọ́kọ́. Ó gba ti ilé fún másítà. Ó kọ̀wé sí Ìlú Ọba kí ọjọ́ wọn tó pé pé kí wọ́n bá òun sún ààyè náà síwájú. Wọ́n sún un ní ọdún kan, wọ́n ní kó tún kọ àbá ìwádìí rẹ̀ fún PhD nígbà tó bá ṣe tán.

Àná ló fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Géètì kan ni, wọn kò tíì kùn ún, kìnnìún méjì ló wà lára rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ló jó ọ̀kan, òun ló jó èkejì. Gọ̀gọ̀ tirẹ̀ wọ́ díẹ̀ sápá òsì, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ọ̀gá ní kí òun má tún un ṣe, kí òun kọ́kọ́ kọ ohun tí ọwọ́ òun ṣe sílẹ̀.